Fèrèsé Tuntun, Àká Àtijọ́

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó wọlé. Ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri, kó dìde wá síwájú. Ẹ gbé àwọn ọmọ lé ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n panu mọ́ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò tíì ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti wà lójú ọ̀nà, ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Orin wà nínú rẹ̀ o. Bí mo bá dá a, ẹ bá mi gbè é, nítorí èmi ò mọ ìtàn tí wọ́n ń sọ láìkọrin.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní Ìlú Òpó, Bàbá Láoyè, olùṣọ́ Àká, tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ fèrèsé Àká, Àká ò ṣí. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn irin náà dúró sójú kan bí àna tó ń bínú.

"Kò tilẹ̀ kí mi lónìí," ni bàbá wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣọ́ Àká yìí, kò sí àárọ̀ tí kì í kí mi."

Lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ kún ojú omi lọ súà, àwo òfìfo lórí orúnkún olúkúlùkù.

"Bàbá, bóyá ẹ ò fọwọ́ ni," Ìyá Bọ́lárìn ké láti inú ọkọ̀ tirẹ̀. Obìnrin náà kì í panu mọ́ nígbà tó bá yó, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìgbà tí ebi bá ń pa á.

"Mo fọ̀ ọ́."

"Ẹ tún un fọ̀. Ọmọ-ọmọ mi ti ń wo etí mi bí ẹni ń wo àkàrà."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò gùn. Kò sí ẹni tó ní oúnjẹ nílé. Òfin ni. Lọ́dún tí òkun gun orí ilẹ̀, gbogbo àká ilé-dé-ilé ló bá omi lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti kọ́ Àká kan ṣoṣo, gíga lórí òpó kọnkéré, tí iṣu gbogbo èèyàn, gààrí gbogbo èèyàn àti ẹja gbogbo èèyàn wà nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dáná nílé. Àká ló ń sè, Àká ló ń bù ú fún ilé kọ̀ọ̀kan láràárọ̀. Ètò ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀ dàgbà ju púpọ̀ nínú àwọn tó ń jẹun níbẹ̀. Àwọn obìnrin tó kọ ọ́ ti lọ sí àjò àrèmabọ̀ tipẹ́, Ìyá Àká ni wọ́n sì sọ ọ́.

"Ẹ jẹ́ ká fọ́ ilẹ̀kùn!" ni ẹnì kan pariwo.

"Fọ́ ọ," Bàbá Láoyè dá a lóhùn, kò wẹ̀yìn. "Olè ni wọ́n ṣe é dè. Ẹni tó bá fi ipá ṣí i, ńṣe ni yóò gba omi òkun wọlé bá iṣu. Wàá wá máa bu iyọ̀ jẹ."

Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ fífọ́ mọ́.

Nínú ọkọ̀ kékeré kan lẹ́bàá òpó, Ìbídàpọ̀ jókòó, ó di àwo rẹ̀ mọ́ àyà. Ìyá Mofìyìn ni gbogbo ìlú ń pè é. Bàbá Láoyè nìkan ló ń dá orúkọ pè é, nítorí ojú bàbá ni wọ́n ṣe bí i, ilé àwọn méjèèjì sì kọjú síra wọn lórí omi. Kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Òun ló pààrọ̀ fèrèsé.

Ilé wo ni kò ní fèrèsé nígbà náà? Dígí fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni, lára ògiri. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ará òkèèrè, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń rajà, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń bá Àká sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìtàkùn kan náà ló so gbogbo fèrèsé ìlú pọ̀. Bí ilé kan bá gba ẹ̀dà tuntun, ńṣe ló ń ràn bí ọ̀fìnkìn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ìlú ti gbà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀dà tuntun títí Bàbá Láoyè yóò fi kọ́kọ́ dán an wò lára Àká, kó rí i pé èkíní gbọ́ èdè èkejì.

Ìbídàpọ̀ mọ òfin yìí. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ àná, Mofìyìn ọmọ rẹ̀ ló wà lójú dígí. Ìlú Òkè ni ọmọ náà ń gbé, lẹ́yìn aṣálẹ̀, oyún rẹ̀ sì ti wọ oṣù ìbí. Ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì nínú fèrèsé àtijọ́, ohùn rẹ̀ ń já bí òwú tó ti gbó.

"Màámi, fèrèsé yín ti gbó. Ẹ̀dà tuntun ti dé, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ ó rí mi bí ẹni pé mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín."

"Bàbá Láoyè ò tíì ní ká tẹ̀ ẹ́."

"Ìgbà wo ni wọ́n máa tó ní kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́? Kí n tó bímọ ni, àbí nígbà tí ọmọ bá ti ń sáré kiri?"

Ó tẹ̀ ẹ́. Fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè, òun náà ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni," bí ẹni ń lé eṣinṣin. Nígbà tó yá, ojú ọmọ rẹ̀ yọ kedere, títí kan òógùn tó ń kán níwájú orí rẹ̀. Ìyá na ọwọ́ sí dígí, ó fọwọ́ pa ikùn ọmọ náà lórí rẹ̀. Ó sunkún ayọ̀. Nírọ̀lẹ́ àná, ó dà bí oore. Láàárọ̀ yìí, pẹ̀lú àwo òfìfo yí i ká, ó ti di nǹkan mìíràn. Orin kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara rẹ̀ kọ nínú rẹ̀, orin tí kò fẹ́ gbọ́:

*Ta ló jẹ̀bi o?*
*— Ìka ni.*
*Ìka ta ni o?*
*— Ìka ìyá.*
*Kí ló ń wá o?*
*— Ojú ọmọ.*
*Ojú ọmọ ò ṣeé bù sáwo o,*
*— Ebi ń pa ìlú.*

Bàbá Láoyè ń ṣe gbogbo ohun tó mọ̀. Ó pa Àká, ó tún un tàn. Ó gbá ìrántí fèrèsé mọ́ bí ẹni gbá àgbàlá. Ó wọkọ̀ lọ sí ilé tó wà nítòsí, ó fi fèrèsé tibẹ̀ gbìyànjú, bákan náà ló rí. Ó ní kí fèrèsé padà sí ẹ̀dà àná. Fèrèsé dáhùn pẹ̀lú ohùn dídùn pé, "Kò sí ọ̀nà àbọ̀." Ó padà dúró níwájú Àká, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn ilé ọ̀rẹ́ tó mọ̀ pé ó wà nílé.

Oòrùn ti ga. Àwọn ọmọ ti sunkún dákẹ́, èyí tó burú ju ẹkún lọ.

Ìgbà náà ni Sùnkànmí dé, agbófinró Fèrèsé, nínú ọkọ̀ rẹ̀ tí kì í lo àjẹ̀. Aṣọ dúdú ká sí apá rẹ̀.

"Ta ló tẹ ẹ̀dà tuntun?"

Ó gbé aṣọ náà sókè kí gbogbo ọkọ̀ lè rí i.

"Ẹ rántí òfin. Ẹni tó bá pààrọ̀ fèrèsé ìlú láìgbàṣẹ, aṣọ yìí ni yóò bo fèrèsé ilé rẹ̀ láti ìgbà òjò títí di ẹ̀ẹ̀rùn. Kò ní rí ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò ní rí i."

"Ṣé fèrèsé fúnra rẹ̀ ò lè sọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni?" Ìyá Bọ́lárìn béèrè.

"Mo bi í. Ó ní ẹ̀dà tuntun kì í tú àṣírí oníbàárà."

"Hẹn! Ó mọ àṣírí pa mọ́, kò mọ ilẹ̀kùn ṣí."

Láti ìgbà òjò títí di ẹ̀ẹ̀rùn! Ìbídàpọ̀ ro ọmọ tí yóò dé sáyé, tí wọn yóò sọ lórúkọ, tí yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, tí yóò hu eyín, tí òun ìyá àgbà yóò sì máa wo aṣọ dúdú.

Bàbá Láoyè yọ fìlà, ó fi nu ojú.

"Ọ̀gá Sùnkànmí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni."

Gbogbo ojú yí sí i.

"Mo nu fèrèsé Àká lánàá. Ojú mi ò mú dáadáa mọ́, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n, ẹ̀yin náà ń rí i. Bóyá ibi tí mo ti ń nù ún ni mo ti tẹ̀ ẹ́. Mi ò rántí. Nǹkan púpọ̀ ni mi ò rántí mọ́."

"Mo ti ń sọ ọ́!" Ìyá Bọ́lárìn pàtẹ́wọ́. "Mo ní bàbá yìí ti dàgbà kọjá iṣẹ́ Àká, ẹ ní ẹnu mi gùn. Ẹ wá máa jẹ ẹnu gígùn mi báyìí!"

Bàbá ò bá a jà. Ó gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹni gba ẹrù tó tọ́ sí i. Ìyẹn gan-an ló gún Ìbídàpọ̀. Ká ní ó ń jiyàn ni, ká ní ó ń bínú ni, ó rọrùn. Ṣùgbọ́n arúgbó náà ti gbà á gbọ́, ó ti ń fi ọkàn ara rẹ̀ lọ ata.

Sùnkànmí bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ. Bàbá na ọwọ́ dá a dúró.

"Ẹ jẹ́ kí n bi ẹnì kan ná. Ìbídàpọ̀, ìwọ tí ilé rẹ kọjú sí tèmi, o máa ń rí mi níbi tí mo bá ti ń ṣiṣẹ́. Ṣé o rí mi lánàá tí mò ń tẹ nǹkan kan? Bí o bá rí mi, sọ ọ́. Ọkàn mi á balẹ̀ pé èmi ni lóòótọ́."

Ẹ gbọ́ nǹkan, ẹ̀yin èèyàn mi! Ilẹ̀kùn àbáyọ ló ṣí sílẹ̀ fún un yìí, ẹni tí yóò jìyà rẹ̀ gan-an ló sì dì í mú fún un. Ọ̀rọ̀ kan péré. *Mo rí yín, bàbá.* Ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ń wí báyìí, ìfẹ́ ọmọ rẹ̀ sì ń dá a lóhùn pé: bàbá yìí ò ní ẹnì kankan lókèèrè, kí ló fẹ́ máa fi fèrèsé wò? Ó ti gbà á tẹ́lẹ̀. Yóò tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ìbídàpọ̀ la ẹnu. "Mo" ti jáde. Ó gbọ́ ọ bó ṣe jáde, ó sì rí ojú bàbá tó ń dúró de ìyókù, ojú tó ti ṣókùnkùn díẹ̀, tí kò fura sí i rárá.

"Mo... Bàbá, ẹ̀yin kọ́. Èmi ni."

Ọkọ̀ mì. Ìkùnsínú ta bí omi tó fẹ́ hó.

"Ìyá Mofìyìn!" Ìyá Bọ́lárìn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sómi. "Èmi tí mo ti ń bú bàbá láti àárọ̀, ìwọ náà jókòó síbẹ̀, ò ń wò mí níran! O ò lè fún mi nímú kí n dákẹ́?"

"Ojú tì mí."

"Ojú tì ọ́, ebi wá ń pa mí!"

Àwọn kan ń pè é ní apanirun. Ẹnì kan ní kí wọ́n da ọkọ̀ rẹ̀ dé. Ìbídàpọ̀ gbé orí kọ́, ó jẹ́ kí wọ́n wí, nítorí kò sí èyí tí wọ́n sọ tí òun ò tíì sọ fún ara rẹ̀. Àfi Bàbá Láoyè nìkan ni kò bú u. Ó sún mọ́ etí àtẹ̀gùn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Nígbà tí o tẹ̀ ẹ́, ó bi ọ́ ní nǹkan?"

"Ó bi mí lóríṣiríṣi."

"Sọ wọ́n. Má fo ọ̀kan."

"Ó ní ṣé kí òun máa dá ojú mi mọ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé kí òun máa dín iná ara òun kù bí ilẹ̀ bá ṣú, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé kí òun máa lé gbogbo ẹni tó bá ń yọjú láìpè. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo tilẹ̀ dúpẹ́, torí àwọn tó ń polówó ọṣẹ kì í jẹ́ ká gbádùn..."

"Dúró!"

Bàbá dìde fùú, bí ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti já bọ́ sómi. Ó kọjú sí ilẹ̀kùn irin, ó gbé ọwọ́ lé orí.

"Yé è! Ìyá Àká, ẹ foríjì wá!"

"Kí ló dé?" ni Sùnkànmí béèrè.

"Kí Ìyá Àká tó ṣí, ó máa ń yọ fèrèsé kékeré kan jáde nínú fèrèsé ńlá, á kí mi. 'Ẹ kú jíjí o, ṣé ẹ sùn dáadáa?' Bí mi ò bá dáhùn, kò ní ṣí láé. Bí àwọn tó kọ ọ́ ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Wọ́n ní ẹni tí kò bá lè kíni láàárọ̀, kí ló fẹ́ fi ẹnu náà jẹ? Ẹ̀yin èèyàn, mo rò pé ó kú ni, mo rò pé ó ń bínú ni. Ó ti ń kí wa láti àárọ̀ o! Bó bá ti yọjú, fèrèsé tuntun á lé e. Ó kà á mọ́ àwọn tó ń polówó ọṣẹ!"

Olúkúlùkù ń wò ó lọ́kàn ara rẹ̀: ìyá arúgbó kan tó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ìdájí, ó ń kí, wọ́n ń tì í, ó tún ń padà wá kí, nítorí pé wọ́n bí i dáadáa.

"Ẹ sọ fún fèrèsé kó má lé e mọ́," ni Sùnkànmí wí.

"Tèmi kọ́. Ẹni tó pàṣẹ ló ń mú àṣẹ kúrò. Ohùn rẹ̀ ló máa gbà." Bàbá na ọwọ́ sí Ìbídàpọ̀. "Ká ní o dákẹ́ ni, ọmọ mi, a ò bá tẹ fèrèsé yìí títí tí ebi yóò fi lù wá pa."

Ìbídàpọ̀ gun àtẹ̀gùn. Ó dúró síwájú dígí, ó tún aṣọ rẹ̀ ró.

"Fèrèsé, má lé Ìyá Àká mọ́. Jẹ́ kó wọlé."

"Mi ò mọ̀ ọ́n," fèrèsé dáhùn. Ẹ̀dà tuntun ò mọ àgbà. Ó sọ̀rọ̀ sí i bí ẹgbẹ́ rẹ̀. "Ó ti gbó. Kò ní ìwé ẹ̀rí. Ó lè ṣe ọ́ ní jàǹbá."

"Ìwé ẹ̀rí wo? Òun ló bọ́ mi dàgbà."

"Bí mo bá gbà á wọlé, ta ni yóò dúró fún un?"

Ìbídàpọ̀ tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ dígí.

"Èmi ni mo lé e. Èmi ni màá dúró fún un."

Dígí ṣe wíríwírí. Fèrèsé kékeré kan yọ jáde láàárín rẹ̀, ohùn obìnrin àgbà kan sì wá láti ìgbà tí ilẹ̀ ṣì wà:

"Ẹ kú jíjí o. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"A dúpẹ́ o, Ìyá," Bàbá Láoyè dáhùn, omi ti bo ojú rẹ̀.

Kò tíì panu dé tí òmíràn fi yọ. "Ẹ kú jíjí o. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Òmíràn tún yọ. Gbogbo ìgbà tí bàbá ti ń tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ ni Ìyá Àká fi kíkí kan pa mọ́ fún, kò sì sí èyí tó fẹ́ gbàgbé. Bàbá dáhùn, dáhùn, ohùn rẹ̀ há. Ìbídàpọ̀ gbà á. Ohùn tirẹ̀ náà há. Ìyá Bọ́lárìn bá dìde nínú ọkọ̀, ó sọ ọ́ di orin, gbogbo ìlú sì gbè é. Ẹ gbè é, ẹ̀yin náà!

*Ẹ kú jíjí o,*
*— A jí o.*
*Ṣé ẹ sùn o?*
*— A sùn, a jí o.*
*Ta ló dé o?*
*— Ẹni wa ni o.*
*Ilẹ̀kùn ńkọ́ o?*
*— Ó di ṣíṣí o!*

Irin náà kérora, ó ṣí. Ooru oúnjẹ bò wọ́n lójú. Ìkókóré yọ, ó pọ́n, ó ń tàn fún epo. Ẹja yíyan tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ti ń dá kíkí kan lóhùn ni Àká ń bu ìpín mìíràn, mọ́ínmọ́ín lórí iṣu, iṣu lórí ẹ̀kọ, títí tí àwo fi kún, tí wọ́n fi ń bọ́ fìlà gba oúnjẹ.

"Bàbá, ẹ tún un tẹ̀!" ni Ìyá Bọ́lárìn ń ké.

"Ó tó! Àbí ti ọdún tó ń bọ̀ lo fẹ́ jẹ lónìí? Èyí tó ti jáde kì í padà sínú Àká. Ẹ jẹ ẹ́ tán!"

Kí Ìbídàpọ̀ tó fọwọ́ kan oúnjẹ, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú Bàbá Láoyè.

"Bàbá, ẹ foríjì mí. Èyí tí mo jẹ́wọ́ kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bi mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé mo rí yín."

"Mo mọ̀," ni bàbá wí. "Mo rí i lẹ́nu rẹ. Dìde, jẹun."

Sùnkànmí wá bá wọn, egungun ẹja lẹ́nu, aṣọ dúdú lápá.

"Ìyá Mofìyìn, ìkókóré kì í di òfin lójú, bẹ́ẹ̀ ni ẹja náà. Mo gbọ́dọ̀ bo fèrèsé yín."

"Ẹ bò ó, ọ̀gá. Mo jẹ̀bi. Èmi fúnra mi ni màá bá yín di etí aṣọ kan mú."

"Ẹ bo tirẹ̀," Bàbá Láoyè dá sí i. "Ṣùgbọ́n ó ti dúró fún Ìyá Àká, láràárọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ máa wá bá mi dáhùn kíkí rẹ̀. Bí a bá dáhùn tán, tó bá yà sílé mi, tó wo fèrèsé mi díẹ̀, tí ọmọ tuntun kan bá wà nínú rẹ̀, ṣé ìyẹn náà ń bẹ nínú òfin?"

Sùnkànmí yọ egungun ẹja lẹ́nu, ó wò ó dáadáa.

"Mi ò tíì ka ibi tí òfin ti sọ̀rọ̀ fèrèsé aládùúgbò," ló wí. "Ẹ tún bu ìkókóré sí i fún mi."

Ìbídàpọ̀ jẹun. Òkèlè àkọ́kọ́ ò fẹ́ lọ, ìkejì lọ díẹ̀, ìkẹta lọ geere. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n lá ọwọ́. Àwọn ọmọ sùn sórí àwo. Nígbà tí oòrùn rọ̀, wọ́n tú okùn ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò lè wa àjẹ̀, ikùn ò gbà wọ́n láyè láti tẹ̀. Wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n gbé àjẹ̀ lé àyà, ìgbì òkun ló sì rọra tì wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan, délé.